Ẹ Bi Wá: Ẹ̀kọ́ Gíga Lórí Ìjà àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Dá A Sílẹ̀

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Àbújá àti òkè Ọya. Ẹ̀kọ́ Masters tó so aáwọ̀ pọ̀ mọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn ń béèrè nípa rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mass Communication ni mo kà, second class lower ni mo fi jáde. Mo fẹ́ ṣe Masters nípa ìjà àti ìbánisọ̀rọ̀ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibo ni kí n lọ?
*Òǹkàwé, Kúbwá*

Ẹ má wá ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an, ẹ ò ní tètè rí i ní Nàìjíríà. Ilẹ̀kùn méjì ló wà. Ọ̀kan ni ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Peace and Conflict Studies. Ohun tó ń fa ìjà àti bí a ṣe ń dá sí i ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Rédíò, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu kàn jẹ́ apá kan nínú rẹ̀ ni. Èkejì ni Mass Communication fúnra rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ìjà ṣe àkòrí iṣẹ́ ìwádìí yín. Fún ẹni tó ti ka Mass Communication tẹ́lẹ̀ bíi tiyín, ilẹ̀kùn kìíní la máa fọwọ́ sí, torí ohun tí ẹ ò tíì ní ló wà níbẹ̀. Ẹ ó ka Johan Galtung, ọmọ Norway, tó fi hàn pé ìwà ipá kì í ṣe ti ọ̀kọ̀ àti ìbọn nìkan: ó wà nínú ètò ìlú tó ń fi ìyà jẹ àwọn kan, ó sì wà nínú àṣà àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ di ohun tó tọ́. Níbi ìkẹta yìí gan-an ni ìmọ̀ ìròyìn tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ti máa wúlò.

Torí iṣẹ́ yín, National Open University ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Jábì ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, wọ́n ní PGD (Postgraduate Diploma, ẹ̀kọ́ tí àwọn kan máa ń ṣe kí wọ́n tó ṣe Masters) àti Masters nínú Peace Studies and Conflict Resolution, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sì ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Bí ẹ bá lè rìnrìn àjò, Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka àlàáfíà tirẹ̀, Jọ́ọ̀sì àti Usmanu Danfodiyo ní Sókótó náà ní. Ti Ìbàdàn, Institute for Peace and Strategic Studies, wà lára àwọn tó ti lórúkọ jù.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bóyá Masters náà jẹ́ academic tàbí professional. Ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè títí wọ́n á fi parí. Professional máa ń yá, ó sì máa ń bá òṣìṣẹ́ lára mu, àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba ẹni tó ní in wọlé fún PhD tààrà. Second class lower yín tó láti wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí PhD bá wà lọ́kàn yín, máàkì Masters ni kí ẹ máa ṣọ́, torí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń béèrè.

HND ni mo ní. Orúkọ tó wà lórí WAEC mi àti èyí tó wà lórí HND mi ò bára mu délẹ̀. Ṣé wọ́n á gbà mí?
*Òǹkàwé, Sàbọ́n Gàrí, Kánò*

PGD lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni Masters. Ní ti orúkọ, ẹ lọ búra ní ilé-ẹjọ́ gíga, kí ẹ gba ìwé ìbúra, kí ẹ sì polówó àtúnṣe náà nínú ìwé ìròyìn. Ẹ pa ojú ewé ìwé ìròyìn náà mọ́ lódindi, ẹ má kàn gé ibi tí orúkọ yín wà, torí ọjọ́ tó jáde gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó kọ orúkọ sórí fọ́ọ̀mù.

Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ yín náà ṣe pàtàkì, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀. Ní ti transcript, ìyẹn ìwé tí gbogbo máàkì yín wà nínú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé lọ, wọn ò ní kà á sí. Ọjọ́ tí ẹ bá ra fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti béèrè fún un, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àìdé transcript ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn tó yege nínú ìdánwò padà sí ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ti dá àkòrí mi padà. Ohun tí mo kọ ni "Ipa tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ń kó nínú yíyanjú aáwọ̀ ní òkè Ọya". Wọ́n ní ó fẹ̀ jù. Báwo ni kí n ṣe dín in kù?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Kàdúná*

Ọ̀gá yín ò jẹ̀bi. Ìjà wo? Láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo? Ìròyìn ti ta ni? Kí ni ẹ fẹ́ wò nínú ìròyìn náà? Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ní February 2021, láàárín Yorùbá àti Hausa. Àkòrí tó ṣeé ṣe lè rí báyìí: "Bí ìwé ìròyìn kan tó gúnlẹ̀ sí Àbújá àti ọ̀kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó ṣe ṣàlàyé ohun tó fa ìjà Ṣáṣá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́". Bí ẹ bá fẹ́ ti ìlú tí ẹ wà, rògbòdìyàn November 2002 wà níbẹ̀, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kan gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí ìdíje Miss World. Ti 2002 kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ní láti jókòó ti ìwé. Arewa House, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, kò jìnnà sí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan báyìí lẹ ń wò, gbogbo ìròyìn tó jáde nípa rẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ dá ni kí ẹ kó, ẹ má ṣà á. Ṣíṣà wà fún ìbéèrè tó gba ọdún gbáko, bíi bí ìwé ìròyìn kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn darandaran. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ń mú ẹ̀dà ìkeje-ìkeje, wọn ò sì rí i pé ọjọ́ Monday nìkan ni gbogbo ohun tí wọ́n kó. Bí wọ́n bá sì mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ gbọọrọ, ìròyìn ńlá kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ kọ ọjọ́ gbogbo Monday ọdún náà sínú ìwé pélébé, ẹ dà á pọ̀, ẹ fa méjì yọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tuesday títí dé Sunday. Ẹ̀dà mẹ́rìnlá lẹ máa ní, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ṣà pọ̀ láti inú ọdún náà. Daniel Riffe, onímọ̀ ìròyìn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní 1993, wọ́n sì rí i pé irú ọ̀sẹ̀ àṣàpọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ tó dúró fún ọdún kan ìwé ìròyìn ojoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi ka ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Robert Entman, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ní 1993 bákan náà, fún wa ní ìbéèrè mẹ́rin tó ṣì wúlò: kí ni wọ́n pè ní ìṣòro, kí ni wọ́n ní ó fà á, ta ni wọ́n dá lẹ́bi, kí ni wọ́n ní kí a ṣe? Ẹ fi méjì kún un fúnra yín. Ṣé orúkọ ẹ̀yà wà nínú àkọlé? Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti jáde: ọlọ́pàá, gómìnà, olórí ẹ̀yà, tàbí ẹni tí ilé rẹ̀ jóná? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí, lójú tiwa, ló máa ń fúnni lésì tó dára jù.

Ẹ má dá nìkan kà á. Ẹ wá ẹnì kejì, Hausa bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin méjèèjì ka ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìròyìn náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjókòó pọ̀. Ẹ fi Krippendorff's alpha, òǹkà kan tí 1 inú rẹ̀ jẹ́ ìfohùnṣọ̀kan pátápátá, wọn bí ẹ ṣe gbà síra yín. 0.80 sókè dára. Láti 0.667 dé ibẹ̀, ẹ lè lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra. Tó bá kéré sí 0.667, òfin tí ẹ fi ń ka ìròyìn náà kò yé ẹ̀yin méjèèjì bákan náà. Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fi ìròyìn mìíràn dán an wò, kì í ṣe àwọn tí ẹ ti bára yín jiyàn lé lórí. Ẹ má fi ìdá ìfohùnṣọ̀kan lásán ṣe é. Ẹni méjì tó kàn ń kọ "rárá" sí gbogbo ìbéèrè á fohùn ṣọ̀kan, láìka nǹkan kan.

Tí ẹ bá fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kún un, ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fún ẹni tó ti ṣe é tán. Ẹ rí sarkin kasuwa (olórí ọjà) àti mai unguwa (olórí àdúgbò) kí ẹ tó wọ ọjà, kí ẹ sì rí olórí àwọn Yorùbá ibẹ̀ náà. Èdè tí ẹni náà bá fi sọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ ọ́ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì a wá tẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí èébú tí wọ́n fi òwe bò máa ń di ọ̀rọ̀ ṣákálá nínú Gẹ̀ẹ́sì, èébú náà sì lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ń wá. Wákàtí kan nínú rẹ́kọ́dà lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ, láìka àkókò tí ẹ ó fi túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Nítorí náà, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn dáadáa sàn ju ogójì lọ. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ wọn nínú fáìlì tí ẹ kó ọ̀rọ̀ wọn sí. Ẹ sì má pe ìhà méjèèjì jọ sínú yàrá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yín níbẹ̀, ẹ kì í ṣe onílàjà, bí ọ̀rọ̀ bá sì bẹ́, kò sí ohun tí ẹ máa fi pa á.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ní rédíò. Ṣé mo lè rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun?
*Òǹkàwé, Mínnà*

Rotary Peace Fellowship, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń fúnni, bá yín mu jù. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ìrírí ni wọ́n ń béèrè fún Masters. Bradford ní England, níbi tí ẹ̀kọ́ àlàáfíà ti wà láti 1973, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ń rán ènìyàn lọ. Ti sátífíkéètì, tó wà ní Makerere ní Uganda, gba ọdún márùn-ún. May 15 ni wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bí.

Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè wákàtí iṣẹ́ 2,800. Ní ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, àádọ́rin ọ̀sẹ̀ ni, ẹ ti kọjá rẹ̀. Ohun tó ń ba àròkọ jẹ́ ni "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àlàáfíà". Ẹ kọ ètò rédíò kan tí ẹ ṣe, ìjà tó dá lé, ohun tí ẹ kọ̀ láti gbé sáfẹ́fẹ́ àti ìdí rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kà á. Iṣẹ́ wo ló máa fi ṣe?
*Ìyá kan, Gwagwalada*

Màmá, iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀. Institute for Peace and Conflict Resolution ti ìjọba wà ní Àbújá, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àjọ wọ̀nyí máa ń wá ẹni tó lè kọ ìròyìn iṣẹ́, tó lè ka òǹkà, tó sì lè bá ará abúlé sọ̀rọ̀. Masters kò sọ ọ́ di onílàjà tó ní ìwé àṣẹ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, irú èyí tí Institute of Chartered Mediators and Conciliators ń ṣe. Láti ìgbà tí òfin ìlàjà tuntun ti jáde ní 2023, ó dára kó fi kún un. Bó bá gbọ́ Hausa débi pé ó lè kà á kó sì kọ ọ́, kó fi sí ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀. Tí kò bá gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, kó má kọ ọ́, torí wọ́n lè fi Hausa bi í léèrè nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.