Bátìrì wa ń wú ní 4.4 V: ṣé kí a fi kún VC rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bátìrì lithium alápò ni à ń dán wò: NMC532 (èyí tó ní nickel, manganese àti cobalt) ni cathode rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rere, graphite sì ni ẹ̀gbẹ́ òdì. Ní 4.2 V, kò sí wàhálà. Tí a bá ṣáàjì rẹ̀ dé 4.4 V, á wú, agbára rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀. LiPF6 (iyọ̀ lithium) 1 M nínú EC àti EMC (èròjà olómi méjì tó ń yọ́ iyọ̀ náà), pẹ̀lú 2% VC (vinylene carbonate, kẹ́míkà àfikún), ni electrolyte rẹ̀, ìyẹn èròjà olómi tí lithium ń gbà kọjá nínú bátìrì. Ṣé kí a gbé VC dé 5%?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀dọ̀ graphite ni VC ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ ló ń fi awọ tín-ín-rín bò. Ọ̀dọ̀ cathode sì ni ìṣòro yín wà. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 4.3 V, electrolyte fúnra rẹ̀ á máa fọ́ lójú cathode, á máa di gáàsì. VC tó bá ṣẹ́ kù á bá a fọ́. Èyí tó pọ̀ lápọ̀jù á tún mú kí awọ graphite nípọn, iná ò sì ní í tètè gbà á kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò. Bí LiPF6 bá pàdé omi, HF (ásíìdì tó ń jẹ nǹkan) ló ń bí. HF á jẹ cathode, manganese á yọ́, á sì lọ ba awọ tí VC ṣe jẹ́. Tí Karl Fischer (àyẹ̀wò tó ń wọn omi) bá fi hàn pé omi inú electrolyte ju 20 ppm lọ, ẹ má tíì ronú àfikún kankan. Ẹ jẹ́ kí àpò náà gbẹ mọ́jú nínú fákúọ̀mù, ní 80 °C, kí ẹ tó bu electrolyte sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ VC kúrò, kí ẹ dán àdàpọ̀ tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Dalhousie ní Kánádà lò wò, tó ní kẹ́míkà àfikún mẹ́ta: 2% PES (prop-1-ene-1,3-sultone), 1% MMDS (methylene methanedisulfonate), 1% TTSPi (tris(trimethylsilyl) phosphite). Fún gíráàmù 10, ìyẹn jẹ́ 9.6 electrolyte, 0.2 PES, 0.1 MMDS àti 0.1 TTSPi. Inú glovebox (àpótí tí afẹ́fẹ́ ìta àti ọ̀rinrin ò lè wọ̀) ni kí ẹ ti pò ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ dáadáa nítorí májèlé ni PES àti MMDS. Ẹ má lo ìgò onígíláàsì, HF ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò ni kí ẹ pò, torí díẹ̀díẹ̀ ni TTSPi àti LiPF6 ń ba ara wọn jẹ́ nínú ìgò.

Tí ẹ bá ti bu ú sí i, ẹ dá a dúró sí 1.5 V fún wákàtí 24 kó lè rin gbogbo inú rẹ̀, kí bàbà ẹ̀yìn graphite má baà yọ́. Ẹ wá fi C/20 (ìwọ̀n iná tó máa gba wákàtí 20 kí bátìrì tó kún) ṣáàjì rẹ̀ dé 3.5 V ní 40 °C, ẹ tú gáàsì rẹ̀ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ tún tú u ní 4.4 V: gáàsì ọ̀dọ̀ cathode kì í tíì jáde ní 3.5 V, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ẹ fi bátìrì méjì tó ní 2% VC sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tuntun yìí. Ẹ ṣáàjì gbogbo wọn dé 4.4 V, ẹ tú wáyà wọn, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní 40 °C fún wákàtí 500. Ẹ wo èyí tí fóltéèjì rẹ̀ jábọ́ jù, kí ẹ sì wọn ìwúwo gbogbo wọn nínú omi ṣáájú àti lẹ́yìn láti mọ bí gáàsì ti pọ̀ tó.