Bí Ara Ṣe Ń Mọ́ Cruise Control Lára Spyder

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ohun tí ẹ béèrè ni pé, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ ti ra Can-Am Spyder RT, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún yín sì máa ń kú kí ẹ tó ti Houston dé San Antonio ní Texas, síbẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ cruise control (ẹ̀rọ tó ń mú eré dúró sójú kan láìjẹ́ pé ọwọ́ di iná mú) báyìí ni àyà yín á já, tí ẹ ó sì pa á kíákíá; ẹ tún ní ìgbà mìíràn wà tó máa ń kọ̀ láti mú. Ojú ọ̀nà I-10 yẹn kan náà ni èmi ń gun Spyder tèmi, láti ìgbà tí orúnkún mi ti kọ̀ láti máa gbé alùpùpù ńlá ró nídìí iná tí ń darí ọkọ̀, ìbẹ̀rù tí ẹ ń sọ kò sì ṣàjèjì sí mi rárá.

Kì í ṣe eré ló ń dẹ́rù bà yín, nítorí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín sá máìlì 70 ní wákàtí kan láìmọye ìgbà. Ohun tó ń já ẹni láyà ni pé ọwọ́ ti fi nǹkan sílẹ̀, nǹkan náà kò sì dúró. Lára Spyder, kò sí wáyà tó so ọwọ́ iná (hándù ọ̀tún tí a ń yí láti fún ẹ́ńjìnnì ní agbára) mọ́ ẹ́ńjìnnì; kọ̀ǹpútà ló ń wo bí ẹ ṣe yí i, òun ló sì ń pinnu iye agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò mú jáde. Nítorí náà, bí cruise bá ti gbà á lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì dẹ ọwọ́, ọwọ́ iná á padà sí ipò tó máa ń wà nígbà tí a bá fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á ṣì máa fà lọ. Bí ọ̀nà bá wá gun òkè díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ á yí padà lábẹ́ yín, tí ọwọ́ yín kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọwọ́ darí iná láti ìgbà èwe rẹ̀, ara rẹ̀ á sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti ya wèrè.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí èèyàn kọ́ bí a ṣe ń pa á kó tó kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Spyder kò ní bíréèkì ọwọ́. Bíréèkì kan ṣoṣo ló wà, lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ló ń di táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, òun náà ló sì ń pa cruise. Ẹni tó ti orí ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ á ṣì máa na ìka ọwọ́ ọ̀tún síwájú nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, òfìfo ni ìka náà á sì bá. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ìka pátápátá. Ẹ jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, kí ẹ kọjá Katy kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlà ọkọ̀ tó wà láàárín Katy àti Houston pọ̀ ju ohun tí ẹni tó ń kọ́ nǹkan lè máa wò lọ. Láti Brookshire lọ sí Sealy, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà sì gún. Ẹ wà ní ìlà ọwọ́ ọ̀tún, ẹ mú eré dé 60 tàbí 65, ẹ tan cruise, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń so eré mọ́ iye kan, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àyà tó ráyè já. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má wá ìgbádùn kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn máa tàn án, kí ẹ máa pa á, títí á fi sú yín, nítorí ohun tó bá ti sú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù mọ́.

Ohun kan wà nínú pípa á tí ìwé tó bá alùpùpù wá kì í tẹnu mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ iná ti padà sí ipò ìdúró, bí ẹ bá pa cruise lójijì, ńṣe ni gbogbo agbára á já lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ́ńjìnnì á sì fa gbogbo yín sẹ́yìn. Ìyàwó mi tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ fi èyí yé mi, nítorí nígbàkígbà tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣíborí rẹ̀ á gbá tèmi lẹ́yìn, mo sì máa ń gbọ́ ohun tó bá tẹ̀ lé e. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ iná díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ pé ọwọ́ yín ti ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ padà, kí ẹ tó wá kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Bíréèkì ni mo fẹ́ràn ju bọ́tìnnì lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí bíréèkì ń tan iná pupa sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bọ́tìnnì pa á lè dín eré kù gan-an láìsí pé iná kankan tàn.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi irin kún iwájú Spyder tí a lè na ẹsẹ̀ lé, ìgbà tí cruise bá sì ti wọlé ni ó máa ń wu èèyàn láti na ẹsẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó lè dá alùpùpù dúró jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni èmi máa ń nà. Cruise yìí kì í ṣe irú tó wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń wo ọkọ̀ iwájú tó sì ń dín eré kù fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ iwájú bá dúró, tiyín á lọ kọlù ú ni.

Ní ti ọwọ́, ẹni tó bá di hándù mú gírígírí ni Spyder ń bá jà. Kì í dẹ̀gbẹ́ bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ibi tí ẹ bá yí hándù sí ló ń lọ, gbogbo ìwárìrì èjìká yín ló sì ń mú un yà síbí yà sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà. Ẹ dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Ẹ̀bùn tó tóbi jù tí cruise fún mi nìyí: nígbà tí kò sí iná kankan fún ọwọ́ ọ̀tún láti dì mú mọ́, ọwọ́ méjèèjì dẹ̀, alùpùpù sì ń tọ ìlà rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń kọjá lára tírélà, ẹ ó rí i pé atẹ́gùn á dákẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì gbá yín bí ẹ bá ti yọ sí iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbá yín, ẹ má bá a jà.

Lílo cruise nínú òjò ni mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà tí a mọ̀ nílé ní táyà kan níwájú àti méjì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Spyder dà á kọ, táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì ń yí sì ń gba àárín ìlà kọjá, níbi tí táyà iwájú kò ti la omi sílẹ̀ fún un, tí epo tó ń kán lára ọkọ̀ sì máa ń dà sí. Bí táyà yẹn bá léfòó lórí omi, ọwọ́ èèyàn á dín iná kù kó tó ronú kan rárá, ṣùgbọ́n cruise kò ní ṣe ju kó máa lé iye eré tí ẹ fún un lọ. Lóòótọ́, ètò VSS tó ń mú Spyder dúró ṣinṣin lè dá sí i, àmọ́ èmi kì í dúró dè é. Bákan náà ni mi kì í tàn án ní àwọn kọ́nà Hill Country, agbègbè olókè ní Texas, bíi Ranch Road 337 láàárín Medina àti Leakey, nítorí níbẹ̀ ara èèyàn á máa sún síta ní gbogbo kọ́nà, èèyàn á sì fẹ́ dín eré kù kó tó wọ̀ ọ́. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má yà á sí ìyanu bí eré bá kọjá iye tí ẹ so. Cruise yìí kì í tẹ bíréèkì.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì tó ń dá eré àtijọ́ padà. Bí ẹ bá yà ra epo ní Luling, tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sójú ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ mú eré dé ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì tún un so ní ọ̀tun. Ní ti ìgbà tí ẹ ní ó kọ̀ láti mú, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yín: bí bàtà bá ń sinmi lórí bíréèkì, bó ti wù kó fẹ́ẹ́rẹ́ tó, cruise kò ní mú. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò, tí iná bíréèkì ẹ̀yìn sì ṣì ń tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ súwíìṣì bíréèkì ló fẹ́ àtúnṣe.