Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Ta Ló Ń Wádìí Pròtéènì Tó Ń Ba Ọpọlọ Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Biochemistry ni mò ń kà ní yunifásítì, ó wù mí kí n ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ bíi Alzheimer tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbàgbé nǹkan, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń ní dókítà nìkan ló lè ṣe é, pé tèmi ò lè kọjá kí n máa da omi láti inú tube kan sí òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìwé o. Wọn ò purọ́ pátápátá, omi lo máa dà, o máa dà á títí ọwọ́ á fi ro ẹ́, ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ibi omi dídà yẹn gan-an ni wọ́n ti rí ohun tó ń jẹ ọpọlọ. Nígbà tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, fi máíkírósíkóòpù wo ọpọlọ aláìsàn rẹ̀ kan tó kú ní 1906, ó rí ìdọ̀tí tó ṣù jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sọ fáyé, ibẹ̀ ló dúró sí, torí pé kéèyàn rí nǹkan yàtọ̀ sí kó mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́. Ó di 1984 kí George Glenner àti Caine Wong tó yọ pròtéènì kékeré kan lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ka amino acid rẹ̀, àwọn ẹyọ kéékèèké tó so pọ̀ di pròtéènì, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ọdún tó tẹ̀ lé e làwọn míì wá rí i pé òun kan náà ló wà nínú ìdọ̀tí tí Alzheimer rí. Amyloid-beta là ń pè é báyìí. Ọdún 78 o!

Tó o bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rí láyé ẹni tó ṣe é, wo Stanley Prusiner. Dókítà ni lóòótọ́, àmọ́ kó tó ní láàbù tiẹ̀, ó ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Earl Stadtman, onímọ̀ biochemistry, ní National Institutes of Health, ibi ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹ́ńsáìmù bakitéríà, pròtéènì tó ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, sọ́tọ̀ kó mọ́ gaara, lójú tèmi ìyẹn gan-an ló gbé e débi tó dé, kì í ṣe aṣọ funfun dókítà. Ní 1972, ní San Francisco, wọ́n gbé obìnrin kan wá tó ní àrùn Creutzfeldt-Jakob, iyè rẹ̀ ń ra lójoojúmọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì kan tó ń rọra ṣiṣẹ́ ló fà á. Prusiner ní òun máa wá fáírọ́ọ̀sì yẹn rí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú scrapie, àrùn àgùntàn tó jọ ọ́, á lọ ọpọlọ ẹran tó ní in, á pín in sí oríṣiríṣi, á wá wo èwo nínú rẹ̀ ló ń gbé àrùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè mọ̀ ni kó fún ẹranko lábẹ́rẹ́ rẹ̀ kó sì máa dúró. Níbẹ̀rẹ̀, ìpín kan ṣoṣo máa ń gba èkúté 60 àti ọdún kan gbáko! Nígbà tó kúrò lórí èkúté tó bọ́ sórí hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ èkúté, ó di ẹranko mẹ́rin àti bí àádọ́rin ọjọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìyípadà yìí tó bó ṣe yẹ, láìsí i mi ò rò pé ó máa rí nǹkan kan. Láàárín gbogbo ìyẹn, àjọ tó ń gbówó fún un dáwọ́ dúró, yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ní àwọn ò ní fún un níṣẹ́ ayérayé kí wọ́n tó yí ohùn padà.

Bó ṣe ń fọ nǹkan yẹn mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń di pròtéènì ṣáá. Ohun tó ń pa DNA àti RNA, tí fáírọ́ọ̀sì fi ń pọ̀ sí i, ò ràn án, ohun tó ń ba pròtéènì jẹ́ ló ń dá a lágara. Ní 1982 ó kọ ọ́ síta pé pròtéènì ni, ó pè é ní prion, àwọn onímọ̀ sì bínú sí i gan-an, wọ́n ní báwo ni nǹkan tí kò ní DNA ṣe máa pọ̀ sí i? Nígbà tí láàbù Leroy Hood ka ìbẹ̀rẹ̀ amino acid rẹ̀, tí àwọn ti Charles Weissmann, onímọ̀ míì, sì bá wọn wá gene rẹ̀, ìyẹn ìlànà inú DNA tí ara fi ń ṣe é, wọ́n bá a nínú ara ẹran tí kò ṣàìsàn rárá! Pròtéènì kan náà ni, amino acid kan náà, bó ṣe ká ló yàtọ̀. Èyí tó ká sódì tó bá pàdé èyí tó dáa á sọ ọ́ di bíi tiẹ̀, àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ẹ mọ ìyókù. Ní 1993 wọ́n fún èkúté tí wọ́n ti yọ gene náà kúrò lára rẹ̀ ní àrùn yìí, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. 1997 ni Prusiner gba Nobel.

Torí náà àbúrò, kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya pròtéènì sọ́tọ̀ dáadáa, ọpọlọ ò ní sá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní àwọn "ka" pròtéènì. Kí ni wọ́n fi ń kà á, ṣé ó ní lẹ́tà lára ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rín pa mí! Láyé ìgbà kan, wọ́n máa ń já amino acid rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo nǹkan tíntìntín, ló pọ̀ jù, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ trypsin á gé pròtéènì sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ á wọn ìwúwo ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá sọ pròtéènì tó ti wá. Iṣẹ́ yìí ṣòro tẹ́lẹ̀ torí pròtéènì ò ṣeé sọ di afẹ́fẹ́ kó má fọ́, John Fenn àti Koichi Tanaka ló rí ọ̀nà gbé e gbà, wọ́n gba Nobel ní 2002. Ìwúwo yìí wúlò gan-an fún àìsàn ọpọlọ, torí pé nínú Alzheimer, pròtéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń jẹ́ tau máa ń gbé phosphate, èròjà kékeré kan, rù ju bó ṣe yẹ lọ, phosphate kan sì ń fi bí 80 dalton (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀) kún un, ẹ̀rọ á rí i. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé phosphate yìí máa ń já kúrò lẹ́yìn tí èèyàn bá kú, torí náà tí ọpọlọ bá pẹ́ kó tó dé inú yìnyín, èsì lè tàn yín, mo sì máa ń fura sí ìwádìí tí kò bá sọ wákàtí yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi ní Alzheimer, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Tó bá jẹ́ pé pròtéènì tó ń ran ara wọn bíi prion ni, ṣé kò ní ràn mí?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní ràn yín. Inú ọpọlọ wọn ló ti ń lọ láti sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, ìwẹ̀ àti oúnjẹ ò lè gbé e fún yín. Kódà àrùn prion gan-an kì í ràn bẹ́ẹ̀: kuru tó pa àwọn ará Fore ní Papua New Guinea, ara òkú tí wọ́n ń jẹ níbi ìsìnkú ló ń gbé e kiri, ó sì lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jáwọ́. Ẹ tọ́jú ara tiyín náà, iṣẹ́ yẹn ń rẹni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán lè sọ bóyá mo ní Alzheimer?

ÌDÁHÙN: Ó ti ń ṣeé ṣe. Tau tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lára oríṣi rẹ̀ tó gbé phosphate, p-tau217, ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi wé amyloid-beta. Ní oṣù karùn-ún 2025, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ fún ẹni tó ti pé 55 tí àmì àìsàn ti hàn lára rẹ̀ ni, dókítà á sì fi àyẹ̀wò míì kún un. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tó kàn gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ fi owó yín ṣòfò.