Vespa Tó Ń Dán Nínú Fọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Mẹkáníìkì. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí, Torino ní Ítálì ni mò ń gbé. Alùpùpù Vespa 150 aláwọ̀ búlúù ni bàbá mi máa ń gùn lọ síléèwé tó ti ń kọ́ni. Iwájú rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí màá di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Mo ti rí irú rẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán bíi tuntun. Ìlú ẹni tó ń tà á jìnnà, ó sì ní kí n san àsansílẹ̀. Lánséǹsì mọ́tò nìkan ni mo ní. Ṣé kí n sanwó?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tíì san kọ́bọ̀. Dídán yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀kadà ní irin tó gbé e ró. Vespa kò ní, páànù ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, a ó tú u, a ó pààrọ̀ písítìn, yóò sì jí. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti jẹ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti kán nìyẹn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Adó, oníbàárà kan gbé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn wá. Ọ̀gá mi kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ó ká rọ́bà ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó fi sukudiráfà gún un, ló bá wọlé bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ ẹ̀kọ. Pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò, tí wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni. Títí dòní, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, wọ ọkọ̀ ojú irin, lọ wò ó fúnra rẹ. Mú òòfà kékeré dání, máa fi kan ilẹ̀ ẹsẹ̀ àti ibi tí páànù iwájú ti pàdé rẹ̀. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀, irin kọ́ ló wà níbẹ̀. Dùbúlẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ nílé.

Lẹ́yìn náà, ṣí ikùn ọ̀tún, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VBB1T, VBB1M ló yẹ kí ti ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí ti ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kí owó wálẹ̀. Nọ́ńbà ara ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú libretto, ìyẹn ìwé ọkọ̀ náà, mu pátápátá. Èyí tí wọ́n bá sì kọ “radiata” sí nínú ìpolówó, wọ́n ti yọ ọ́ nínú ìwé ìjọba. Fi í sílẹ̀.

Ti lánséǹsì: B, ìyẹn lánséǹsì mọ́tò tí o ní, kò gbé ọ kọjá ẹ́ńjìnnì 125 ní Ítálì, o kò lè gun 150 yẹn. Ṣùgbọ́n Vespa kan wà tí wọ́n ń pè ní VNB, ẹ́ńjìnnì 125 ni, ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì jọra débi pé bí o bá gùn ún wọ Ìkéré, àwọn àgbà á pe orúkọ bàbá rẹ. Òun ni kí o máa wá. Bí o bá rí ọ̀kan, ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó.