Báálù wo ló wà lẹ́yìn bàbá mi nínú fọ́tò Gatwick yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Bàbá mi tó ti dolóògbé kàwé ní Glasgow, a wá rí fọ́tò wọn kan nínú àpótí, Gatwick 1967 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, báálù kan wà lẹ́yìn wọn tó sọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ lábẹ́ ìrù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Boeing 727 ni, ọkọ wọn ní DC-9 ni. Mo fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sí i kí n tó gbé e sí férémù. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Àtẹ̀gùn abẹ́ ìrù yẹn ló kó ẹ̀gbọ́n yín àti ọkọ wọn ṣìnà, torí 727 ní in, DC-9 náà ní in. Àmọ́ ní 1967, kò sí ilé iṣẹ́ báálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó ń fi ìkankan nínú méjèèjì ṣiṣẹ́. Ọkàn tèmi lọ sí BAC One-Eleven ti British United, báálù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tóun náà ní àtẹ̀gùn abẹ́ ìrù.

Ilé iṣẹ́ aládàáni ni British United, Gatwick sì nilé wọn. Freddie Laker ló ń darí ẹ̀ nígbà tí wọ́n ra One-Eleven mẹ́wàá ní May 1961, báálù tí ò tíì fò rárá o, orí ìwé ló ṣì wà! April 9, 1965 ló kọ́kọ́ kó èrò, láti Gatwick lọ sí Genoa ní Ítálì, nígbà tó fi máa di January 1966 wọ́n ti ń fi lọ Glasgow, Edinburgh àti Belfast. Ọmọ iléèwé Glasgow tó dúró ní Gatwick, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ṣá, ẹ má tìtorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ kọ ọ́, ẹ mú gíláàsì kẹ́ẹ fi wo fọ́tò náà. Ẹ ka ẹ́ńjìnnì: tó bá jẹ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé 727 ni. Tó bá jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, ẹ wo wíńdò. Ti One-Eleven rí roboto bí ẹyin, ti DC-9 jẹ́ onígun mẹ́rin tí etí ẹ̀ ò mú, ti Caravelle àwọn Faransé jẹ́ onígun mẹ́ta. Ẹ má fi ìrù tó dúró bíi lẹ́tà T dá a mọ̀ o, ó pọ̀ lára báálù ayé ìgbà yẹn, ìrù yẹn náà ló sì ba ti One-Eleven àkọ́kọ́ jẹ́, October 22, 1963 ní Wiltshire, nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Imú ẹ̀ gbé sókè jù, afẹ́fẹ́ tó dàrú lórí apá wá bo ìrù mọ́lẹ̀, pílọ́ọ̀tì ń ti ọwọ́ ìdarí síwájú, kò dáhùn. Èèyàn méje ló bá a lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń dá ti ọwọ́ ìdarí síwájú sí i.

Èmi fúnra mi tún One-Eleven ṣe ní Benin, láyé ìgbà tí Okada Air kó wọn jọ síbẹ̀ (orúkọ tá à ń pe ọ̀kadà nìyẹn ṣá). Tẹ́ ẹ bá dúró nídìí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nínú ìrù tó ń han gooro lókè orí yín, òórùn kẹrosíìnì á gba gbogbo ẹ̀wù. Òun ló ń fún un ní iná, àtẹ̀gùn sì wà lára ẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá ti nǹkan kan wá bá a.

Lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ tó wà lára ẹ̀ nítòsí ìrù ló máa parí ẹjọ́. Ti British United ni G-ASJA títí dé G-ASJJ. Tó bá jẹ́ G-AT tàbí G-AV ló bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ báálù British Eagle tàbí ti Laker fúnra ẹ̀, torí ó ti kúrò ní British United nígbà yẹn, ó ti dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dà ara báálù ò ṣeé gbára lé, fọ́tò àtijọ́ máa ń ṣá.

Tó bá wá lọ jẹ́ G-ASJJ gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí mi, torí ìyẹn já lulẹ̀ ní Milan ní January 1969, kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ báálù náà ò fò mọ́.