Ẹ má da omi sínú páìpù alumíníọ̀mù, mo ti jìyà ẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín, ẹ ní nẹ́ẹ̀tì bàbà, ẹ̀ẹ̀melòó ni kẹ́ ẹ wé e sínú heat pipe (páìpù dídí tómi inú ẹ̀ ń gbé ooru láti ìsàlẹ̀ lọ sókè) tó máa mú ẹ̀yìn TEG (pẹlẹbẹ kékeré tó ń sọ ooru di iná mànàmáná) tutù lórí àrò gàrí yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mò ń bọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, irin wo lẹ fẹ́ fi ṣe páìpù ná?

Èmi, alumíníọ̀mù ni mo lò nídìí àrò màmá mi ní Òdoógbolú torí owó ẹ̀ ò pọ̀. Ọjọ́ kìíní dáa, fóònù ń gba iná títí màmá fi yan gàrí tán. Tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìsàlẹ̀ páìpù ń jó mi lọ́wọ́, òkè ẹ̀ tutù bí àmù, iná ò wá mọ́, torí TEG gbọ́dọ̀ ní ojú kan tó gbóná àti ojú kan tó tutù kó tó lè mú iná wá. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà, kò tú u wò, kò bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, ó ní TEG mi ni fèkì, kí n ra òmíràn. Mo ra mẹ́rin! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jóná, owó pákí màmá mi ló bá a lọ, inú ṣì ń bí mi dòní.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni mo fayùn gé páìpù yẹn. Bí eyín ayùn ṣe wọlé báyìí, ó dún fùùù, gáàsì ló tú jáde, nǹkan funfun bí ẹfun sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ara nẹ́ẹ̀tì. Omi ló ń jẹ alumíníọ̀mù, nẹ́ẹ̀tì bàbà tún ń dá kún un, háídírójìn ló ń tibẹ̀ jáde. Èéfín omi máa ń di omi padà lókè, òwú nẹ́ẹ̀tì á fà á padà sídìí iná bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ṣùgbọ́n háídírójìn ò lè di omi, òkè ló lọ jókòó sí, kò jẹ́ kí èéfín ráyè débẹ̀. Láti 1964 ni Grover, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Los Alamos, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí heat pipe, ẹnjiníà wo ni ò yẹ kó mọ̀ pé bàbà ló ń bá omi gbé?

Ẹ fọ páìpù bàbà yín kó mọ́, ẹ se omi inú ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dí i, ìyẹn ò le. Ẹ má ṣáà gbé e sójú iná gbangba o! Tómi inú ẹ̀ bá dé 200°C, agbára tó fi ń ti páìpù ju 15 bar lọ, ìlọ́po márùn-ún táyà mọ́tò kò tó o, ó lè bú gbàmù lójú ẹni tó ń yan gàrí. Peltier, pẹlẹbẹ tó jọ TEG tí wọ́n fi ń mú nǹkan tutù, tí wọ́n ń tú lára fíríìjì kékeré náà, ẹ má rà á, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó inú òmíràn pọ̀ ti ń yọ́ ní 138°C.

Ti nẹ́ẹ̀tì yẹn, tí páìpù bá dúró ṣánṣán tí iná wà nísàlẹ̀, omi á fúnra ẹ̀ ṣàn padà, òwú ò níṣẹ́ púpọ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá dá a dùbúlẹ̀. Ẹ wé e lẹ́ẹ̀mejì, kó lẹ̀ mọ́ ara páìpù dáadáa, torí ibi tó bá ti wú, omi ò ní kọjá níbẹ̀.