7 yẹn ló máa tú sudoku yín

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní sudoku yín ti há, ìyẹn eré nọ́ńbà tí 1 dé 9 ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìlà ìbú, òòró àti àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tíì kọ nọ́ńbà tí kò dá yín lójú. Ẹ ní nínú ìlà ìbú kejì, àyè méjì péré ló lè gba 7: òòró 3 àti òòró 8. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìlà kẹfà, òòró méjì yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wà.

Bí 7 bá bọ́ sí òòró 3 lókè ní ìlà kejì, òòró 8 ló máa bọ́ sí nísàlẹ̀ ní ìlà kẹfà. Bó bá sì jẹ́ òòró 8 lókè, á jẹ́ òòró 3 nísàlẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, òòró méjèèjì ti rí 7 tiwọn. Ẹ pa gbogbo 7 yòókù tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ sínú òòró 3 àti 8 rẹ́. X-Wing ni wọ́n ń pè é.

Àmọ́ o, 7 kò gbọdọ̀ ní àyè kẹta nínú ìkankan nínú ìlà méjèèjì. Ibí yìí ló ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, torí náà ẹ tún àmì yín yẹ̀ wò dáadáa.

Bó bá tún há, ẹ wá àyè tó ní 2 àti 5 nìkan, tó bá èyí tó ní 2 àti 9 pàdé, tó tún bá èyí tó ní 5 àti 9 pàdé, yálà lórí ìlà, òòró tàbí nínú àpótí kan. Ọ̀kan nínú àyè méjì tó ní 9 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 9. Àyè tó bá bá àwọn méjèèjì pàdé, ẹ yọ 9 kúrò níbẹ̀.